Ògiri Àríwá Wexmere: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá wa, Olóògbé Clement Walter Bullimore (1931–2019)

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1931, Walter Bullimore wà lórí òrùlé Ṣọ́ọ̀ṣì Bótólífù Mímọ́ ní abúlé Wexmere, ilẹ̀ Norfolk. Ó ń fi koríko etí odò tuntun rọ́pò èyí tó ti jẹrà. Agbẹ̀bí rìn wọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ké sí i láti ìsàlẹ̀ pé, "Walter, sọ̀ kalẹ̀ o! Ìyàwó rẹ ti bí ọkùnrin!" Walter kò tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ń bọ̀. Ó ku ìtì mẹ́ta, òjò sì ti ṣú." Báyìí ni Bàbá wa, Clement Walter Bullimore, ṣe dé ilé ayé. Òjò náà rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Òrùlé kò jò.

Ìran Bullimore kì í ṣe àlejò ní Wexmere. Orúkọ wọn wà lójú ewé kejì ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì náà. Akọ́rùlé ni wọ́n láti baba dé ọmọ. Edith, ìyá Bàbá, jẹ́ ọmọ apẹja láti etí òkun. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí, Bàbá nìkan ló sì dàgbà ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ.

Bàbá lọ sí ilé ìwé abúlé láti ọdún 1936 sí 1945. Ìrìn máìlì méjì àti ààbọ̀ ni láti ilé wọn létí àbàtà. Bàtà ẹsẹ̀ méjì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ti àbúrò ìyá wọn ni tẹ́lẹ̀, ihò méjì sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ti òsì. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gé páálí sí i. Páálí náà a ti rin gbindin kí wọ́n tó dé kíláàsì. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní ọdún 1944, ikọ́ àyà pa ìyá wọn. Ogun ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ìjọba ló ń fi ìwọ̀n pín oúnjẹ, ṣúgà ọ̀sẹ̀ náà sì ti tán nínú ilé. Tíì tí wọ́n fún àwọn tó wá bá wọn ṣọ̀fọ̀ kò ní ṣúgà. Bàbá kò gbàgbé èyí títí wọ́n fi kú. Ẹni tó bá wọ ilé wọn, ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé síwájú rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1945, Walter mú wọn lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Josiah Thirtle, tó ń rẹ́ ògiri tó sì ń tún ilé olókùúta ṣe ní gbogbo agbègbè náà. Lẹ́yìn ilé Ọ̀gá Thirtle ni kòtò ẹfun wà. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun nínú iná, wọn a bu omi lé e, á hó bí ìkòkò ọbẹ̀, wọn a wá rì í sínú kòtò lábẹ́ omi. Wọn kò ní fọwọ́ kàn án fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Èyí tí wọ́n ń lò nígbà tí Bàbá dé, ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti rì í. Iṣẹ́ tí a fún Bàbá ní ọdún àkọ́kọ́ ni kí wọ́n máa fi ọ̀pá na irun màlúù títí tí á fi tú, kí wọ́n tó pò ó mọ́ ẹfun àti yanrìn.

"Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ máa jẹ́ kí n rẹ́ ògiri?"

"Nígbà tí irun yẹn bá tán."

"Kì í tán, Ọ̀gá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. O ti ń gbọ́n."

Lẹ́nu Ọ̀gá Thirtle ni Bàbá ti kọ́ ohun tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn sọ fún wa. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, akọ òkúta kéékèèké ni wọ́n fi mọ ọ́. Bó ti wù ká ṣe é tó, òjò á wọ inú rẹ̀. Ẹfun ló ń jẹ́ kí omi náà tún bá afẹ́fẹ́ jáde. Ọ̀gá a máa ní, "Ògiri ń mí. Má dí i nímú."

Bàbá ṣe iṣẹ́ ológun láti ọdún 1949 sí 1951, bí ìjọba ti pàṣẹ fún gbogbo ọ̀dọ́kùnrin. Wọ́n padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Thirtle ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bọ́ aṣọ ológun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1952, àwọn méjèèjì ń ha ẹfun àtijọ́ tó ti ń ṣí lára ògiri àríwá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n lè kùn ún ní ọ̀tun. Ìpele kọkànlá ni Bàbá ha dé nígbà tí nǹkan pupa kan yọjú. Wọ́n fi àtàǹpàkò nù ún.

"Ọ̀gá, ẹja ló wà lára ògiri yìí."

"Ọjọ́ Ẹtì kúkú ni, ọjọ́ tí a ń jẹ ẹja. Gbé e wá ká dín in."

"Mi ò ṣeré, Ọ̀gá. Ó ní ìpẹ́. Ó ní ojú."

Ọ̀gá Thirtle sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàbà tiẹ̀, ó wá wò ó. Ó ṣí fìlà.

Ìgbà ooru méjì gbáko ni wọ́n fi ṣí ẹfun kúrò, pẹ̀lú ọ̀bẹ egungun àti sùúrù, lábẹ́ ojú onímọ̀ kan tí bíṣọ́ọ̀bù rán wá. Kírísítófà Mímọ́ ni àwòrán náà, ọkùnrin gàgàrà tó ga ju ènìyàn méjì lọ, tó ń wọ́ odò kọjá pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, tó gbé Jésù ọmọdé lé èjìká, tí ẹja sì ń lọ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Onímọ̀ náà ní wọ́n kùn ún ní nǹkan bí ọdún 1410. Ọ̀kánkán ilẹ̀kùn gúúsù ni wọ́n kùn ún sí, nítorí ìgbàgbọ́ àwọn ará àtijọ́ ni pé ẹni tó bá rí Kírísítófà Mímọ́ ní àárọ̀ kò ní kú ikú òjijì lọ́jọ́ náà. Àgbẹ̀ tó ń lọ oko kò ní wọlé. Yóò kàn yọjú láti ẹnu ọ̀nà, yóò sì máa bá tiẹ̀ lọ. Ní ọdún 1548, nígbà tí ìjọba pàṣẹ kí a pa gbogbo àwòrán rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará Wexmere fi ẹfun bò ó. Àwọn tó fẹ́ pa á rẹ́ ni wọ́n bá wa tọ́jú rẹ̀ fún irínwó ọdún.

Nígbà tí àwòrán náà jáde, àṣà yíyọjú tún jí. Percy Larter tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Norwich a máa dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀, á sáré lọ yọjú, á sì padà wá di ọkọ̀ mú. Àwọn èrò a kígbe pé, "Percy, ṣé o rí i?" Á ní, "Mo rí i. Ẹ fọkàn balẹ̀, a máa dé Norwich láàyè. Ti ìpadàbọ̀ ni mi ò lè sọ."

Inú bọ́ọ̀sì yìí ni Bàbá ti pàdé Enid Mindham, ọmọ ẹni tó ń sin oyin láti abúlé kejì. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1955, níwájú àwòrán náà. Yàrá kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, iná kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀ fún oúnjẹ àti fún ooru. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Ìgbà òtútù ọdún 1963 burú jáì. Yìnyín bo ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Nígbà tó yọ́, ògiri àríwá ń ṣomi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ ìjọ pàdé, Ọ̀gágun Rupert Kerrison, alábòójútó ìjọ nígbà náà, sì sọ pé kí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ìta ògiri náà kí ọ̀ràn parí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà àwọn baba ńlá ti ṣá, ó ní. Bàbá ló máa ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé tuntun tó lé ní ogójì fún ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀gá Thirtle, tí ọjọ́ ogbó ti dá dúró sílé, ránṣẹ́ pè wọ́n.

"Má ṣe é, Clement."

"Ọ̀gá, ẹfun yín, ọdún mẹ́ta ló ń jókòó sínú kòtò. Sìmẹ́ńtì, àárọ̀ ọ̀la ó ti le."

"Òkú náà máa ń yára le."

"Ayé ti yí padà, Ọ̀gá."

"Ayé lè yí. Ṣé òjò ti yí?"

Bàbá ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, ní oṣù keje ọdún 1964, iṣẹ́ náà sì dán mọ́rán. Ìjọ yìn wọ́n. Ọ̀gá Thirtle fi ọ̀pá rìn wá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà, ó sì ní, "O ti dí i nímú." Kò sọ ọ́ mọ́. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1971, Màmá Enid ni ó kàn láti gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rí nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kírísítófà Mímọ́ àti nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n pe Bàbá. "Ta ló ń po ìyẹ̀fun nínú ṣọ́ọ̀ṣì?" Màmá fi ìka kan án, wọ́n sì tọ́ ọ wò. "Clement, iyọ̀ ni o." Omi tí sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kó jáde síta ló ń gba inú jáde, ó sì ń kó iyọ̀ ògiri bọ̀ lẹ́yìn àwòrán náà, ó ń tì í kúrò lára ògiri. Bàbá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Wọn kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1974, nígbà tí wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ kejì lọ́wọ́, gbogbo ojú Kírísítófà Mímọ́, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, já bọ́. Ìró rẹ̀ kò pọ̀, ó dà bí ẹyin tó bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tó ń kàwé dúró díẹ̀, ó sì tẹ̀síwájú. Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá kúnlẹ̀ wá a. Eruku ni ó ti dà. Kò sí èyí tó tóbi tó èékánná tí a lè lẹ̀ padà.

Láti ọjọ́ kejì ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yọ sìmẹ́ńtì náà kí ìyókù tó lọ. Ẹ̀ẹ̀meje ni Bàbá bẹ̀bẹ̀, ẹ̀ẹ̀meje ni ìgbìmọ̀ kọ̀. Ọ̀gágun Kerrison a máa dìde, á ní, "Ìwọ lo fi í síbẹ̀, Clement. Ìwọ náà lo tún fẹ́ yọ ọ́? Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì?"

"Èyí tí mò ń sọ báyìí ni kẹ́ ẹ gbà, sà."

"Kí nìdí?"

"Torí pé ti àkọ́kọ́ ni gbogbo yín fẹ́ gbọ́."

Níkẹyìn, Bàbá gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ìgbìmọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ bíṣọ́ọ̀bù, ilé ẹjọ́ náà sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 1982 pé kí wọ́n yọ ọ́. Bàbá ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Wọn kò lè lo ẹ̀rọ, nítorí bí ẹ̀rọ bá mi ògiri láti ìta, àwòrán inú á wó. Òòlù kékeré àti irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ni wọ́n lò. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án nìkan ni wọ́n lè ṣiṣẹ́ lọ́dọọdún, nítorí yìnyín a máa ba ẹfun tútù jẹ́. Lójoojúmọ́, ibi tí wọ́n ń yọ kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1987, àkàbà yẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn sì ṣẹ́ níbi méjì. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì lu òòlù. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Clement, ṣé o ò tíì parí ẹ̀wọ̀n rẹ ni?" Bàbá a dáhùn pé, "Ó ku díẹ̀. Adájọ́ náà ni èmi, mi ò sì láàánú."

Ìgbà ooru mọ́kànlá ni iṣẹ́ náà gbà. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, wọ́n yọ sìmẹ́ńtì tó kẹ́yìn, wọ́n sì fi ẹfun tí àwọn fúnra wọn rì sínú kòtò dí àárín òkúta gbogbo. Ọdún mẹ́rin tún kọjá kí ògiri náà tó gbẹ tán. Láti ọdún 1996, iyọ̀ kò yọ mọ́. Ẹsẹ̀, ọ̀pá, omi odò, àwọn ẹja àti ọwọ́ òsì Jésù ọmọdé ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n sì dúró digbí.

Láti ọdún 1993 sí 2012, Bàbá ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹfun ní ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn ilé wọn. Àwọn mọlémọlé wá láti páríìṣì tó ju ọgọ́ta lọ. Bàbá kì í gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á mú olúkúlùkù wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dá a dúró síwájú ibi tí ojú Kírísítófà Mímọ́ wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Ó yá, ká lọ na irun." Wọ́n tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń lu agogo ìjọ fún ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ìgbàgbọ́ wọn kò láriwo. Wọn kì í jókòó síwájú, wọn kì í sì í pa ìsìn jẹ.

Ní ọdún 2003, ìjọ tẹ ìwé kékeré kan fún àwọn tó ń wá wo ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ó sọ nípa àwòrán náà ni pé ọ̀rinrin àti ọjọ́ orí ló ba apá kan rẹ̀ jẹ́. Bàbá kà á tán, wọ́n sì lọ bá Àlùfáà Prudence Gooderham.

"Àlùfáà, ọjọ́ orí kọ́. Ọdún 1964 ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ mi."

"Bàbá Clement, kò sẹ́ni tó ń dá yín lẹ́bi mọ́. Ẹ ti ṣe àtúnṣe."

"Mi ò wá tọrọ ìdáríjì. Ẹni tó bá ka ọjọ́ orí, á lọ ra sìmẹ́ńtì. Ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ṣì wà."

"Ìwé fún àwọn àlejò ni, Bàbá. A ò lè fi orúkọ yín bẹ́ẹ̀ síta. Àwọn èèyàn fẹ́ràn yín."

"Kí wọ́n fẹ́ràn ògiri."

Fún ọdún mẹ́rìnlá ni Bàbá ń gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ní gbogbo ìpàdé ọdọọdún. Nígbà tí alága bá béèrè bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn kù, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, ẹnì kan á ní, "Clement, ó kàn ọ́," àwọn obìnrin á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í da tíì. Bàbá á dìde, wọ́n á sọ ọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan kì í yí, wọ́n á sì jókòó. Kò sí ọdún kan tí ìgbìmọ̀ gbà. Ìfẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dé ibi ìpàdé mọ́. Ní oṣù kejìlá tó kọjá, wọ́n pe Rosalind, àkọ́bí wọn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Wọ́n ní, "Ìwé ìsìnkú, ta ló ń kọ ọ́?" Rosalind ní àwa ọmọ ni. Wọ́n ní, "Ìgbìmọ̀ ò jókòó lórí ìyẹn?" Rosalind ní rárá. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ."

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2019, nílé wọn ní Wexmere, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí a sin àwọn sí ìhà àríwá ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí oòrùn kì í dé tí ẹnikẹ́ni kì í sì í fẹ́, kí wọ́n lè wà nítòsí ògiri náà. Ibẹ̀ ni a ń gbé wọn lọ lónìí.

Màmá Enid Bullimore wà láyé, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn wọn ni Rosalind Larter, Hubert Bullimore àti Winifred Bullimore. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ mẹ́rin, tí àbíkẹ́yìn nínú wọn jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Bàbá, ẹ ti ṣe é dé ibi tí agbára yín mọ. Kí ilẹ̀ Wexmere rọ̀ yín lẹ́yìn, kí Ẹni tí ẹ sìn láìpariwo gbà yín sílé Rẹ̀. Ẹ sinmi ire.

Èyí ni ohun tí wọ́n ní kí a kọ. Ní oṣù keje ọdún 1964, Clement Bullimore fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ìta ògiri àríwá Ṣọ́ọ̀ṣì Bótólífù Mímọ́, Wexmere. Sìmẹ́ńtì náà sé omi mọ́ inú ògiri, iyọ̀ sì ti àwòrán inú já bọ́. Ojú Kírísítófà Mímọ́, èjìká ọ̀tún rẹ̀ àti orí Jésù ọmọdé kò sí mọ́.